Fọ́ọ̀mù Mọ́kànlélógójì

Agogo ara ògiri gbọ̀ngàn ilé ìwé náà ti kú láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ètò ìdìbò gbé agogo kékeré kan sórí tábìlì rẹ̀, ó ní èyí ni òun ń tẹ̀ lé. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gègé gbé fáìlì ọwọ́ rẹ̀ fún un, ó kí i, ó sì yí padà pé kí òun máa lọ sílé. Ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìṣirò sì ń bẹ nílẹ̀ tó ń dúró dè é.

"Níbo lò ń lọ?" ni ọkùnrin náà bi í, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Ìwọ lo máa jókòó tì í."

Ó fi bíró pupa nàka sí àga onígi kan tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Gègé jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àga wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gègé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Láti kékeré ni lẹ́tà rẹ̀ ti máa ń tò bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù. Òun ló ń kọ ìwé ìkéde ilé àdúrà, òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó gbẹ̀bùn nílé ìwé. Ìdí nìyẹn tí Aṣíwájú àwọn ọ̀dọ́ ilé àdúrà wọn fi pè é lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, tó gbé fọ́ọ̀mù mọ́kànlélógójì lé e lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù àtakò ni. Òfin gbà pé kí olùdìbò kan sọ pé orúkọ olùdìbò mìíràn kò yẹ nínú ìwé, pé ẹni náà kì í gbé àdúgbò. Ẹni tí wọ́n bá takò yóò wá fi ara rẹ̀ hàn lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Bí kò bá wá, wọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ìsàlẹ̀ òpópónà ni àwọn mọ́kànlélógójì náà ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń gba irú àdúrà mìíràn. Kò sí ọ̀kan tí Gègé kò mọ̀ lára wọn. Ṣùgbọ́n Aṣíwájú ní ẹnu dídùn. Ó ní Ọlọ́run ló fún àwọn nílẹ̀ yìí, ẹni tí kò bá sì bá àwọn gbàdúrà, àlejò ni. "Àlejò kì í yan olórí fún onílé," ló wí. Ó ní bí àwọn bá ti rọra yọ àwọn àlejò kúrò nínú ìwé, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣèjọba. Ó ní ọwọ́ Gègé kì í ṣe ọwọ́ lásán, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ náà lára. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé Ọlọ́run mọ ọwọ́ rẹ̀ kì í yára béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tún wà níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ilé àdúrà ń rán lọ lọ́dún, ìwé Aṣíwájú ló sì ń yàn án. Gègé ti lá àlá kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn títí ó fi mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí náà ó kọ ọ́: "A kò mọ ẹni yìí rí ní àdúgbò yìí." Ìgbà mọ́kànlélógójì. Nígbà tó kan ibi ìbuwọ́lùwé, Aṣíwájú ní Gègé náà ni kó fọwọ́ sí i, kí ọwọ́ tó kọ̀wé lè bá ọwọ́ tó fọwọ́ sí i mu. Gègé fọwọ́ sí i. Bí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe lẹ́wà ló ń wò, kò wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sókè ibẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní: pé òtítọ́ ni, pé òun mọ̀ fúnra òun.

Ìyá rẹ̀, alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn, bi í léèrè nílé pé ṣé ó ka ohun tó fọwọ́ sí. Gègé ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ìyá náà na ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó, ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nídìí aṣọ híhó lójoojúmọ́ kò tíì sọ fún mi pé òun ń wá ìbò."

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní gbọ̀ngàn ni oníbúrẹ́dì. Ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó wo Gègé, ó tún un wò.

"Ìwọ lo ò mọ̀ mí? Ta wá lẹ̀ ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, iwin?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Gègé kò rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ fi òǹtẹ̀ lu ìwé, oníbúrẹ́dì sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìkejì ni ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ibùdó ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ ló wà, ọ̀gá rẹ̀ kò yọ̀ǹda rẹ̀. Bíró pupa fa ìlà kọjá lórí orúkọ náà, ó sì parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Bàbá kan tó ń fọ̀pá rìn mú àpò ìwé wá, ó tú u palẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ kan tó dé nígbà tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ tán dúró síbẹ̀, ó ń wo ìlà pupa lórí orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú Gègé. Wọ́n kàn ń wò ó, wọ́n ń wò ó, bí ẹni tó ń wo igbá tó ti ń bu omi mu láti ọjọ́ pípẹ́ tó wá rí i pé ó ti lu.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, wọ́n ti pa orúkọ méje rẹ́. Gègé bọ́ síta, ó pe Aṣíwájú lórí fóònù, ó ní kó jọ̀ọ́ kó máa bọ̀. Ìyẹn ní òun wà ní ìpàdé. Ó ní kí Gègé má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kó ṣáà jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Rántí kọ́lẹ́ẹ̀jì o."

Bó ṣe padà jókòó ni Ìyá Agbẹ̀bí wọlé. Gbogbo òpópónà, lókè àti nísàlẹ̀, ló mọ ìyá náà. Ó ti fẹ̀yìn tì, eékún sì ń dà á láàmú. Ó rọra jókòó, ó gbé àpò kékeré lé itan.

"Ìwé wo lẹ mú wá, Màmá?" ni òṣìṣẹ́ bi í.

"Omíyalé ti kó ìwé mi lọ. Ara ni mo mú wá. Òun náà rèé."

"Òfin ò gba ara, Màmá. Ìwé ló ń gbà."

Ìyá Agbẹ̀bí yíjú sí Gègé. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fi forúkọ sílẹ̀ láti dìbò?"

"Ìwé ọjọ́ ìbí mi ni, Màmá."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

Òṣìṣẹ́ ṣí fáìlì, nítorí ẹ̀dà ìwé ẹni tó takò máa ń wà nínú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì yí i sọ́dọ̀ ọmọ náà. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ kan wà níbẹ̀ tí kò lẹ́wà rárá: ìbuwọ́lùwé agbẹ̀bí.

"Ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ yọ," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀ tipẹ́. "Bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tó ń rò ó bóyá kí òun padà. Mò ń kì ọ́ kí o lè gbà. Mo ní ọmọ tó fẹsẹ̀ wọlé ayé, máa bọ̀, ayé gbà ọ́. Àga rẹ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jókòó lé e. Ìyá rẹ ń gbàdúrà tiyín, èmi ń gba tèmi. Nígbà tí o ké, ìkankan nínú wa ò béèrè pé àdúrà ta ló gbà." Ó tún àpò rẹ̀ gbé. "Bí mi ò bá sí ládùúgbò yìí, ọmọ mi, ta ló gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ?"

Òṣìṣẹ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó fọwọ́ ra ojú.

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin," ló wí. "Kò níwèé, mo ní láti pa á rẹ́. Àyàfi bí ẹni tó takò bá fà á padà. Ṣùgbọ́n tó o bá fà á padà, o ti gbà pé irọ́ lo kọ nìyẹn. Mo máa kọ ọ́ sínú ìròyìn mi."

Gègé wo bíró pupa. Ó rí ilẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Ó sì rí i pé ilẹ̀kùn náà ń padé.

"Ẹ fún mi ní bíró," ló wí. "Irọ́ ni mo kọ. Gbogbo wọn ni mo mọ̀."

Kò ṣeé fà ya lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn fọ́ọ̀mù tó kù ló ní láti kọ "Mo fà á padà," kó sì tún fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ro ó. Nígbà tó kọ ìgbẹ̀yìn, lẹ́tà rẹ̀ ti rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti agbẹ̀bí. Ó béèrè àwọn méje tí wọ́n ti pa rẹ́. Òṣìṣẹ́ mi orí: ìyẹn ti bọ́, wọ́n ní láti forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun, ó sì di ọdún mẹ́rin sí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọmọ mìíràn ni Aṣíwájú kọ̀wé fún. Ní ilé àdúrà, àwọn ọ̀rẹ́ Gègé ń sún kúrò lórí bẹ́ńṣì tó bá jókòó lé. Nígbà tí ìbò dé, ẹni tí Aṣíwájú ń ṣe agbátẹrù rẹ̀ fi ìbò márùn-ún ju alátakò rẹ̀ lọ, ó sì wọlé. Márùn-ún péré. Méje sì ni Gègé ń kà nínú ọkàn rẹ̀ títí dòní.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé dé ilé ìwòsàn. Ìgbìmọ̀ tuntun tí ẹni tó wọlé náà gbé kalẹ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá láti ilé àdúrà pé kì í pa ìsìn jẹ. Ìyá Gègé kì í lè dé ìsìn, nítorí aṣọ aláìsàn kì í sinmi. Wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀, nínú gbọ̀ngàn kan náà, lórí àga kan náà. Ọwọ́ tó kọ ìwé ìpè rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀. Gègé mọ ọmọ tó kọ ọ́.

"Ẹlẹ́sìn wọn náà ni mí," ni ìyá náà ń wí bí wọ́n ṣe ń rìn lọ. "Kò sí òwúrọ̀ tí mi ò kúnlẹ̀."

"Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó," ni Ìyá Agbẹ̀bí fèsì lẹ́yìn wọn. Ó ń fi ọ̀pá tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá jẹ́rìí. "Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdúrà yan ọmọ ìlú, kì í mọ ibi tó ti yẹ kó dúró. Ó ti parí pẹ̀lú tiwa, ó ku tiyín."

Bàbá tó ń fọ̀pá rìn wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé ìpè tirẹ̀, nítorí òun náà ń ṣọ́ ọgbà ilé ìwòsàn, ó ní kí ọmọ náà bá òun kọ èsì. Gègé jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tẹ́ ìwé náà lé orúnkún, ó sì kà á sókè, títí dé àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún fọwọ́ sí ohun tí kò kà sókè mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbàdúrà yín, kí ẹ sì gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ fi àdúrà lé aládùúgbò yín kúrò nínú ìlú, ẹ bi í pé Ọlọ́run wo ló rán an. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. Ọlọ́run kò bá ẹnikẹ́ni du ipò, èèyàn ló ń du ipò tó ń fi orúkọ rẹ̀ bojú.