Fèrèsé Méjìlá

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tí ilé tó kàn yìí jẹ́ ti ẹbí rẹ̀?"

Alága ìgbìmọ̀ náà kò gbójú sókè nígbà tó béèrè. Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan. Obìnrin ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn tó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ láàárọ̀ nígbà náà ló sì fi ń béèrè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé bá kàn á na ọwọ́ sókè, á jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òfin wọn ni.

Téèpù ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Ilé ìyá ìyá rẹ̀ ni ilé tó kàn. Àmọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́, òdìkejì ìlú ló sì ń gbé, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Kò sí," ni akọ̀wé kọ sílẹ̀, ó sì ṣí ojú ìwé tuntun.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Téèpù. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, téèpù tí bàbá fi ń wọn pákó kì í sì kúrò lápò ọmọ, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ilé ìwé rẹ̀ ló rán an wá sí Ìgbìmọ̀ Ilé Àtijọ́, torí pé ọdọọdún ni wọ́n ń fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ránṣẹ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni kí wọ́n lọ wo àwọn ilé tó ti pẹ́, kí wọ́n sì gba ìjọba ìbílẹ̀ nímọ̀ràn lórí èyí tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Àwọn fúnra wọn kì í pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ilé tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé, onílé kò gbọdọ̀ wó o láìgba ìyọ̀ǹda, nítorí náà ojú ọ̀tá ni ará àdúgbò fi ń wò wọ́n. Obìnrin kan ti da omi ìfọṣọ lé akọ̀wé lórí rí láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láàárín ara wọn pàápàá, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tí Téèpù kọ́kọ́ dé, alága wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọ ilé ìwé ò níbò níbí," ló wí. "Etí lo ní. Lò ó."

Téèpù fara mọ́ ọn. Ọmọ tó bá parí ọdún kan níbẹ̀ máa ń gba lẹ́tà, lẹ́tà náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé máa ń wò kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé. Iṣẹ́ ìkọ́lé ló wù ú ju ohunkóhun lọ láyé.

Kí ló wá dé tí kò na ọwọ́? Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà, mú un wọ yàrá ìyá àgbà lẹ́yìn ilé. Abọ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, omi ń kán sínú wọn láti àjà. Ìyá àgbà jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bo èjìká, ó ń wúkọ́.

"Wo òkè yẹn," ni Bàbá Dírẹ́bà wí. "Mo fẹ́ wó ilé yìí, kí n kọ́ èyí tí ènìyàn lè sùn sí. Bí àwọn aláìríṣẹ́ṣe yẹn bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn, abẹ́ abọ́ yìí ni ìyá mi máa kú sí."

"Bàbá, mi ò níbò níbẹ̀."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ìbò? Ṣebí ìwọ lo sọ fún wa pé bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ju ìdajì fèrèsé ilé kan lọ, kò ṣeé dáàbò bò mọ́. Ta ló ń ka fèrèsé fún wọn?"

Téèpù wolẹ̀. "Èmi ni, sà."

"O gbọ́ ara rẹ."

"Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe àkàbà," ni ìyá àgbà wí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá, ẹ sinmi. Nítorí yín náà ni." Ó yíjú padà sí Téèpù. "Bí o bá jẹ́ kí omi pa ìyá tó bí ìyá rẹ nítorí lẹ́tà, má pè mí ní bàbá mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tẹ ọwọ́ Téèpù mọ́ ìjókòó lọ́jọ́ ìpàdé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n rán òun àti Bàbá Bíríkìlà, ọ̀kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀, lọ wo ilé náà. Ojú bàbá yìí ti ń bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Á fi àtẹ́lẹwọ́ pa férémù fèrèsé, á sọ pé "àtijọ́" tàbí "tuntun", Téèpù á sì kọ ọ́. Bàbá Dírẹ́bà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe bí ẹni tí kò rí ọmọ náà rí.

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Ilé ènìyàn ni."

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ wa mọ́ ju ilẹ̀ yín lọ," ni Bàbá Bíríkìlà dáhùn, ó sì kọjá.

Fèrèsé mẹ́fà ló wà nísàlẹ̀. Méjì ni tuntun. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn, bàbá náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Orúnkún yìí ò ní gbà fún mi lónìí. Òfin sọ pé ẹni méjì ló gbọdọ̀ fojú rí fèrèsé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ ti wo ilé mọ́kànlá, o ò kà á ṣì rí. Lọ kà á wá."

Téèpù nìkan ló gòkè. Fèrèsé mẹ́fà tún wà níbẹ̀. Onígíláàsì ni ẹyọ kan. Márùn-ún tó kù, igi pípọ́n tó dán ni, wọ́n fi igi há igi láìlo ìṣó kankan. Bàbá tirẹ̀ pàápàá kò lè ṣe irú rẹ̀. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó ń gbọ́ ìkọ́ ìyá àgbà láti ìsàlẹ̀.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: àtijọ́ ẹyọ kan, tuntun márùn-ún.

"Méje nínú méjìlá ti di tuntun, bàbá," ló wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ṣe o. Ilé yìí ì bá dára." Bàbá Bíríkìlà fi ìwé náà lé ògiri, ó fọwọ́ sí i.

Ìgbìmọ̀ kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n yọ ilé náà kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Akọ̀wé lẹ ìkéde tó sọ iye fèrèsé náà mọ́ ara ògiri rẹ̀, èyí tó gbọdọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ẹni tó bá ní àtakò lè kọ̀wé. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Dírẹ́bà ti já a dànù láìkà á, ó sì ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù yẹn ló kó bá a. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì ló tò wọ́n sí. Ìyá Aránṣọ ní kó kó o kúrò, ó dáhùn pé kó lọ ránṣọ. Ìyá Aránṣọ ránṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ka ìkéde náà kí wọ́n tó já a, ó sì kọ́kọ́ kọ lẹ́tà. Lọ́jọ́ kẹtàlá ni lẹ́tà náà dé tábìlì akọ̀wé.

Alága kà á sókè ní ìpàdé. Àyè wà lẹ́yìn fún ará ìlú, Bàbá Dírẹ́bà àti Ìyá Aránṣọ sì wà níbẹ̀, ìjókòó mẹ́rin ló wà láàárín wọn.

"'Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti kọjú sí òkè ilé yẹn. Ẹyọ fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n pààrọ̀ rí níbẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn fọ́ ọ. Ẹni tó bá rí márùn-ún tuntun, kó lọ wo ojú rẹ̀.'" Alága sọ lẹ́tà náà kalẹ̀. "Mo lọ wò ó fúnra mi láàárọ̀ yìí. Òótọ́ ni. Bàbá Bíríkìlà, ṣé ẹ gòkè lọ wo fèrèsé náà?"

Bàbá náà dìde dúró. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

"Ohun tí mo béèrè kọ́ nìyẹn."

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i, alága. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀."

"Kò parí síbẹ̀," ni akọ̀wé wí. "Èló ni dírẹ́bà fún yín?"

"Èmi?" Bàbá náà yíjú sí i. "Ogójì ọdún tí mo fi ń mọlé nílùú yìí, ta ló rí mi tí mo jẹ rìbá?"

"A ti rí yín báyìí. Alága, mo dábàá pé ká yọ orúkọ wọn kúrò pátápátá, ká sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé."

Ọwọ́ ti ń lọ sókè. Bàbá Bíríkìlà kò wo Téèpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àìwò yẹn ló gbé ọmọ náà dìde.

"Kì í ṣe àwọn," ló wí. "Èmi nìkan ni mo gòkè. Irọ́ ni mo kọ."

"Jókòó," ni Bàbá Dírẹ́bà wí láti ẹ̀yìn.

"Ilé ìyá ìyá mi ni. Ọjọ́ tí ẹ béèrè, mi ò na ọwọ́."

"Mo ní kí o jókòó, ọmọ yìí."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó," ni alága sọ fún un. Ó wá wo Téèpù, kò sí àánú lójú rẹ̀. "Ta ló ní kí o kọ irọ́?"

Téèpù mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ, ẹbí ò ní gbà á mọ́. "Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mà."

"Akọ̀wé, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Kó kà á sókè, kó fọwọ́ sí i."

Ó kà á. Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó parí, Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín kúkúrú kan. "Ọmọ ilé ìwé gan-an ló ń fi gègé wólé."

Wọ́n lé e kúrò nínú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀. Lẹ́tà tó fẹ́ gbà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé sì kọ̀ ọ́ lọ́dún náà. Wọ́n tún ní kí Bàbá Bíríkìlà fi ìpàdé sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, torí pé rìbá tàbí àìgba rìbá, ó fọwọ́ sí ohun tí kò rí. Téèpù rò pé òtítọ́ tí òun sọ máa gba bàbá náà là. Kò gbà á là tán.

Ó lọ tọrọ àforíjì níbi tí bàbá náà ti ń po sìmẹ́ǹtì. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Dìde, o ń tẹ iyanrìn mi," ni Bàbá Bíríkìlà wí. Ó ń po iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Ká ní o sọ fún mi nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn pé ilé yín ni, ǹ bá rán ọ lọ sílé, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má bá mi lọ wo ilé mọ́."

Ọ̀rọ̀ ilé náà di àtúnbẹ̀rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí fáìlì ilé kan bá wà lórí tábìlì, onílé kò gbọdọ̀ kan ìṣó kan mọ́ ọn. Oṣù márùn-ún ni fáìlì náà fi wà níbẹ̀, òjò sì rọ̀ nínú gbogbo wọn. Ní oṣù kẹta, àjà yàrá ìyá àgbà já lulẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀. Ìyá Aránṣọ ló sá kọjá títì, tó gbé ìyá náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Mi ò ṣe é torí tiyín o," ló sọ fún Téèpù tó wá pọn omi. "Ìkọ́ wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ràn láti ọjọ́ yìí."

Níkẹyìn, ìpinnu dé. Ilé náà wọ ìwé: iwájú àti fèrèsé òkè kò gbọdọ̀ yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n lè wó ẹ̀yìn, níbi tí yàrá ìyá àgbà wà, kí wọ́n tún un kọ́. Bàbá Dírẹ́bà na ìwé náà sí akọ̀wé ní fèrèsé ọ́fíìsì.

"Nígbà wo lẹ ṣe òfin pé a lè wó ẹ̀yìn?"

"Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí a ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀," ni akọ̀wé dáhùn. "Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè la máa ń sọ ọ́ fún. Ẹ ò béèrè. Èébú lẹ bú wa."

Bàbá Dírẹ́bà kò bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bá Téèpù náà sọ̀rọ̀, títí di òní.

Lọ́jọ́ tí Téèpù gbé ìròyìn náà lọ fún ìyá àgbà nínú yàrá tó ń gbóòórùn epo ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyá náà gbọ́ ọ tán kó tó fèsì.

"Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn mi tó láti purọ́ nítorí mi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi tó láti lọ béèrè."

Téèpù fa àga sún mọ́ ọn. Ó jókòó tì í, ó ń tẹ́tí sí òjò.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ará ilé yín máa fi ìfẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ purọ́. Ìfẹ́ yẹn lè jẹ́ òótọ́, ìyà tó ń jẹ wọ́n náà lè jẹ́ òótọ́. Ẹ gbé ìyà náà lọ síwájú àwọn tó lè yanjú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ojú burúkú sí yín. Nítorí irọ́ tí Téèpù fi gbèjà ìyá àgbà ló fi í sábẹ́ òjò fún oṣù mẹ́ta, òtítọ́ tí kò sẹ́ni tó bá a lọ sọ ni ì bá sì ti kọ́ yàrá rẹ̀ kí àjà rẹ̀ tó já lulẹ̀.