Ohun Tí Ògiri Yàrá Ẹ̀yìn Gbọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Kàbà, lọ́dún tó ṣáájú òmìnira. Kì í ṣe ọjà tí à ń ná. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á ní iye tí wọ́n pè é. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa kọjá lọ, ọ̀nà ọjà kò dí. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kọ́ọ̀pù táńganran kan wà nínú yàrá náà, omi sì wà nínú rẹ̀.

Rhoda ló ni ilé náà. Opó ni. Iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ló ń tà. Ó ń kó wọn láti Lọ́kọ́ja, ó ń ná Kàbà, ó ń ná Aiyetoro, ó ń ná Odò-Ẹrẹ̀. Kò mọ̀wé ju kó kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi òṣùwọ̀n yan án jẹ. Ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n ní bí Rhoda bá sọ pé iyọ̀ kò dùn, iyọ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì.

Ọmọge kan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Elizabeth. Kì í ṣe òun ló bí i. Yéjídé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló bí i. Yéjídé yìí ló pọn Rhoda dàgbà. Nígbà tí àìsàn kọ lù ú nílé ọkọ ní Ifẹ̀-Olúkòtún, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì kú sínú yàrá ẹ̀yìn náà nígbà tí Elizabeth ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó.

Láti kékeré ni Elizabeth ti máa ń béèrè bí ìyá òun ṣe lọ. Gbólóhùn kan náà ni Rhoda máa ń fún un. "Ìyá rẹ mu omi, ó gbàdúrà fún ọ, ó sùn." Ọmọ náà fi gbólóhùn yìí ṣe ìrọ̀rí. Bí ibà bá ń ṣe é, bí wọ́n bá nà án nílé ìwé, á ní kí Rhoda tún un sọ.

Irọ́ ni. Yéjídé kò mu omi.

Ọjọ́ ọjà Odò-Ẹrẹ̀ ni. James awakọ̀ ti dúró lójú títì, ó ń fun fèrè. Ẹja Rhoda ti wà lórí ọkọ̀. Ó ti pọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ló bá gbọ́ ohùn Yéjídé láti yàrá ẹ̀yìn. "Rhoda. Omi." Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní tí òun bá padà, James á lọ. Ó ní òun á fún un tí òun bá dé. Ó fa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, ètè Yéjídé ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìkòkò omi wà lóde yàrá, kò jìnnà. Gbogbo àdúgbò ló ti lọ sóko lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó ń jẹ Rhoda jù kì í ṣe ohun tó gbọ́. Ohun tí kò gbọ́ ni. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ, kí ni Yéjídé tún sọ? Ṣé ó pè títí? Ṣé ó ṣépè? Rhoda kó àpò iyọ̀ kún yàrá náà dé àjà, ó ti fèrèsé rẹ̀ pa. Tó bá fẹ́ mú iyọ̀, á wọlé, á mú un, á jáde. Kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọlọ́runlékè ló da nǹkan rú. Àbúrò ọkọ Rhoda ni. Kàdúná ló wà, ó ń bá àwọn òyìnbó tó ń ṣe rédíò gbé ẹ̀rọ káàkiri, ojú ló fi ń kọ́ṣẹ́. Ó gba ìsinmi wálé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí wọ́n yá a, àti máíkì kan tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti sọ nù. Ó ní wọ́n ń wá ọmọbìnrin tí yóò máa kọrin ilẹ̀ wa lórí rédíò. Tí òun bá lè gba ohùn Elizabeth sórí téèpù kó dára, iṣẹ́ dé.

"Ìyàwó wa," ó sọ fún Rhoda, "ẹ jẹ́ kí n gba ohùn ọmọ yìí."

"Gbà á, ọkọ mi. Tí o bá lò ó tán, dá a padà sọ́fun rẹ̀."

Inú máíkì náà kò ní ohun púpọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí, àti awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, tí wọ́n fi wúrà pa lára, tó dúró síwájú irin náà láìfara kàn án. Bí èèyàn bá lahùn, awọ á gbọ̀n, iná bátìrì á gbé gbígbọ̀n náà lọ sínú ẹ̀rọ. Awọ yìí ló ti ya.

Ọlọ́runlékè fi bébà dídán inú páálí sìgá rọ́pò rẹ̀. Ohùn Elizabeth jáde bí ẹja tí wọ́n ń dín. Ó fi bébà tí wọ́n fi ń wé tíì dán an wò. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin nínú garawa. Ó fà á le, ó dẹ̀ ẹ́, ó gé e kéré. Garawa ni.

Ó ní yàrá náà tún dá kún un. Ó wá ń pàtẹ́wọ́ láti yàrá dé yàrá bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Yàrá iwájú dá àtẹ́wọ́ náà padà fún un. Nígbà tó pa á lẹ́nu yàrá ẹ̀yìn, àwọn àpò iyọ̀ gbé e mì. Kò sí ìró tó padà.

"Ibí ni," ó wí.

Rhoda ní rárá, èémí èèyàn á mú kí iyọ̀ òun rin. Ọlọ́runlékè ní iyọ̀ tó bá gbọ́ orin, ṣe ni yóò tún dùn sí i. Elizabeth kàn ń wo Rhoda. Rhoda yí ojú kúrò, ó ní kí wọ́n máa sún àpò.

Ibi tí wọ́n ti ń sún àpò ni Ọlọ́runlékè ti rí i lára ògiri, níbi tí orí ibùsùn Yéjídé wà nígbà náà. Aṣọ funfun tí aláǹtakùn fi ń bo ẹyin rẹ̀ ni, pẹlẹbẹ, rekete, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń ṣí lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́. Àwọn ọkùnrin mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń fi í ṣe sí ohùn wọn nígbà tí eégún bá ń bọ̀; obìnrin kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí náà Rhoda kò mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ lára ògiri. Ọlọ́runlékè fi abẹ ṣí i, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú máíkì, ó sì lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kó wá láti Kàdúná mọ́ ọn lára.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gba orin náà, torí ìgbà náà ni àdúgbò máa ń pa lọ́lọ́. Gbogbo èèyàn wà lóko. Àwọn adìẹ ti sá sábẹ́ àká. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá pe èèyàn ní ọ̀sán gangan, tí kò bá rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn. Ọlọ́runlékè ní òun ò gbọ́ irú ìyẹn rí ní Kàdúná.

Orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ ni Elizabeth kọ. *Dákẹ́ o, ìyá rẹ lọ pọnmi. Dákẹ́ o, yóò bọ̀ láìpẹ́.* Yéjídé ló máa ń kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ Rhoda ni ọmọ náà ti kọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ, Elizabeth ti lọ sódò. Ohùn náà jáde bí oyin. Ọlọ́runlékè rẹ́rìn-ín sókè. Ṣùgbọ́n láàárín ẹsẹ orin kan sí èkejì, níbi tí ọmọ náà ti mí, fèrè ọkọ̀ dún.

"Ọkọ̀ wo ló kọjá?"

"Kò sí ọkọ̀ tó kọjá," Rhoda dáhùn.

Ọlọ́runlékè ní ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè. Ó dẹ awọ náà díẹ̀. Ó fi bébà dídán wé okùn iná. Ó lu ihò kún ihò irin. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún un gbà. Fèrè náà tún dún, ó sún mọ́ tòsí ju tàná lọ. Ẹsẹ̀ ń rìn lọ. Ilẹ̀kùn dé. Ohùn kan wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Rhoda."

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀yin lẹ ń pe ara yín?"

Rhoda kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, ó rán Elizabeth lọ ra ata tí kò nílò, kó tó jẹ́ kí wọ́n yí téèpù náà. "Rhoda. Omi." Ohùn náà gbẹ, ó ń họ.

Rhoda ní kó yọ awọ náà. Ó yọ ọ́. Bébà sìgá padà síbẹ̀, garawa padà dé. Ọlọ́runlékè jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀la ni ìsinmi rẹ̀ parí. Ó ní òun ò lè gbé garawa lọ sí Kàdúná. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Rhoda wọ̀n ọ́n wò. Bí awọ náà bá padà, Elizabeth lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ìrọ̀rí rẹ̀ á sì bọ́. Bí kò bá padà, iyọ̀ ni ọmọ náà yóò tà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bó bíi ti òun. Òṣùwọ̀n náà kò dúró lójú kan.

"Dá a padà," ó wí.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ sídìí ìkòkò. Ó bu omi kún kọ́ọ̀pù táńganran, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ máíkì.

"Ìyàwó wa, ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ̀rọ ni?"

"Nítorí ọ̀fun ọmọ ni."

Elizabeth kọrin. Kò fọwọ́ kan kọ́ọ̀pù náà. Nígbà tó parí, Rhoda ní kó lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná.

"Màmá, ojoojúmọ́ lẹ ń rán mi níṣẹ́ tó bá di kí n gbọ́ ohùn mi. Lónìí, mi ò lọ."

Ó jókòó lórí àpò iyọ̀. Téèpù ń yí. Orin náà dùn. Wọ́n dé ibi tí ọmọ náà ti mí. Fèrè kò dún. Ẹsẹ̀ kò rìn. Ìdákẹ́jẹ́ kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ń mu omi. Ó mu ún, ó mu ún, bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Lọ́kọ́ja. Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò gbẹ mọ́.

"Ọmọ mi dà?"

"Mo wà níbí, mà," Elizabeth dáhùn.

Ọwọ́ Rhoda dé ẹnu ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Téèpù tán. Ìdí rẹ̀ ń na ara ẹ̀rọ, pá, pá, pá. Kò sí ẹni tó dìde pa á.

"Ta nìyẹn, Màmá?"

Rhoda la ẹnu. Irọ́ tó ti pẹ́ nínú èèyàn mọ ọ̀nà. Ó ṣáájú òótọ́ jáde.

"Èmi ni. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ nígbà tí o ń kọrin."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ọlọ́runlékè jókòó sí nígbà tí wọ́n ń gba orin náà. Ó mọ̀ pé ìyàwó wọn kò la ẹnu. Ó wolẹ̀. Omi inú kọ́ọ̀pù náà kún dé etí, kò dín.

Ọlọ́runlékè fi abẹ gé ibẹ̀ kúrò nínú téèpù, ó gbé ìyókù lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Elizabeth. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí orin rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ilé olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo àdúgbò péjọ sí, nídìí rédíò. Inú wọn dùn. Àwọn kan ń béèrè ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn, pé ohùn obìnrin náà tutù. Ojú Rhoda ni wọ́n ń wò. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Elizabeth wálé ní Kérésìmesì. Ọyẹ́ ti dé, gbogbo ètè ló ń sán. "Okun o, Màmá," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Kàbà, ó sọ ẹrù kalẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi mú kọ́ọ̀pù táńganran, ó bu omi kún un, ó gba àárín àwọn àpò iyọ̀ wọlé, ó gbé e sí ibi tí orí ibùsùn ìyá rẹ̀ wà nígbà náà. Kò sí ẹni tó fi ibẹ̀ hàn án rí.

Rhoda dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń retí kí ọmọ náà tún béèrè bí ìyá òun ṣe lọ. Kò béèrè. Wọ́n jẹun tán, kò béèrè. Rhoda fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Elizabeth. Ìyá rẹ kò mu omi."

"Mo mọ̀, Màmá. Ó máa ń sọ ọ́ fún mi."

Ohùn ọmọ náà kò le. Kò tutù. Rhoda rọra jókòó.

"Lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ," ó wí, "kí ló tún sọ?"

Elizabeth kó àwo, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó ń kun orin náà lábẹ́lẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn, láàárín iyọ̀, ẹnì kan ń gbè é.

Kò sọ ọ́ títí tó fi padà sí Kàdúná.

Rhoda ṣì ń ta iyọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà Odò-Ẹrẹ̀, tí ọkọ̀ bá ń fun fèrè lójú títì, kì í lọ mọ́. Á jókòó sẹ́nu yàrá ẹ̀yìn lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ìkòkò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá pè é, ìbáà jẹ́ pé kò rí ẹnì kankan, á dáhùn.

Wọn ò pè é.