Ọwọ́ Ìyá Àgbà Lọ́rùn Naeem

Nabeelah sùn, kò jí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin, kò ṣàìsàn, kò ṣubú. Ẹyẹ kan ti ké lórí páànù ilé wọn ní Gàmbàrí lálẹ́ àná rẹ̀, ìyẹn sì tó àwọn ará agboolé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ó ku Naeem, àbúrò rẹ̀. Bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà ń hanrun bí àgbàlagbà, a sì máa ta jí lóru, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Lọ́sàn-án, bí ilẹ̀kùn bá dún, ó ti bẹ́ sókè. Ràúdátù, ìyá bàbá rẹ̀, ló ń sùn tì í.

Lóru ọjọ́ kan, Ummu Kulthum, ìyá ọmọ, yọjú, ó rí ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́rùn Naeem. Kò bèèrè nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ló lọ jí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tìjání gbé Àlùkùráánì síwájú ìyá tó bí i.

"Ìyá, ẹ búra pé ọwọ́ yín ò kan ọrùn ọmọ yìí lóru."

"Ọwọ́ mi kàn án. Ṣé kí n wá fi Àlùkùráánì purọ́ ni?"

"Wọ́n ti jẹ́wọ́," ni Ummu Kulthum wí.

Ràúdátù wo ojú ọmọ rẹ̀. Ṣáájú oṣù ààwẹ̀ ló ti sọ fún un pé èémí Naeem ń dá lójú oorun, Tìjání ló sì ní kí ó má sọ ọ́ létí ìyàwó òun, kí àyà má baà já a. Ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ báyìí. Tìjání wolẹ̀.

"Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́, Ìyá. Mo máa gbé yín lọ sábúlé."

Ó dun Ràúdátù wọ egungun.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Ummu Kulthum sùn ti ọmọ rẹ̀. Ìhanrun dákẹ́ lójijì. Ó retí èémí, kò gbọ́. Ètè ọmọ ti ń dúdú kí ó tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọrùn rẹ̀, tó gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, tí èémí sì wọlé. Nígbà náà ló mọ ohun tí ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣe lóru àná.

"Belubelu rẹ̀, ẹran inú ọ̀fun, ló wú, tó ń dí ọ̀nà èémí," ni dókítà wí lọ́jọ́ kejì. "Bí èémí bá ti dá, gbogbo ara á ta gìrì. Ara tó ń ta gìrì ní gbogbo òru ò lè balẹ̀ lọ́sàn-án. A máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ta ló ti ń jí i látẹ̀yìnwá?"

Láti ibẹ̀, Tìjání gba ọ̀nà abúlé lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀ lábúlé. "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká lọ ilé."

"Ṣé wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe Naeem?"

"Wọ́n ti rí i."

"Àlùhámúdùlílááhì. Mo ti forí jì ọ́. Ìyàwó ẹ ò mọ̀, ìwọ mọ̀, o sì dákẹ́. Bí èémí tèmi bá dá lóru nílé ẹ, Tìjání, ta ló máa jí mi?"