Ṣáláńgá Orí Òkè Carrow

Inú ṣáláńgá ni Glenys wà nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Errol. Kì í ṣe ibi tí obìnrin ń gbàdúrà pé kí òun ti pàdé ọkọ, ṣùgbọ́n ibi tí orí ń gbéni rè, ẹsẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n.

Awakọ̀ ni Glenys, ó fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó àwọn arìnrìn-àjò wá láti Townsville. Wọ́n fẹ́ fojú kan ṣáláńgá pákó orí òkè Carrow, níbi tí ọkọ ìyàwó inú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ti sá pamọ́ fún àwọn àna rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ fíìmù yẹn ní gbogbo Ọsirélíà. Glenys ní kí òun náà yọjú wo inú rẹ̀, ni ilẹ̀kùn bá há.

"Ta ló wà níbẹ̀ o?" ọkùnrin kan bèèrè láti ìta.

"Ẹni tí ilẹ̀kùn yín fẹ́ pa ni!"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi èjìká gbá ilẹ̀kùn ṣí. "Ẹ má bínú. Bàbá mi ló kan án fún àwọn onífíìmù, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn mọ ẹni tó ń há mọ́."

Kí oṣù tó parí, Glenys ti ń wa bọ́ọ̀sì òfìfo wá sí Carrow. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ọkọ àárọ̀ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti rò pé ìfẹ́ ti kọjá lára òun. Ó fẹ́ràn Errol dójú ikú, kò sì fi pamọ́ fẹ́nì kan.

Ìyá Errol nìkan ni kò fẹ́ràn rẹ̀. "Awakọ̀ ni," ló máa ń wí. "Lọ́jọ́ kan, á wa ọmọ mi lọ." Bí Glenys bá wọlé, màmá á bu tíì fún ọmọ rẹ̀, á bu fún ara rẹ̀, á ní ẹni tó bá tún fẹ́ kó lọ bu tiẹ̀.

Síbẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí Sátidé, níwájú ṣáláńgá náà. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, rédíò ní ìjì líle ń bọ̀ láti orí òkun.

Àwọn ará Carrow kì í sá fún ìjì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Errol, ìyá rẹ̀ àti Glenys há sínú ilé ìwẹ̀ ilé wọn, wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì bo orí. Òrùlé ń ké, àwọn igi ń ya. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, oòrùn sì yọ.

"Ojú ìjì ti dé," Errol wí, ó wo aago. "Àádọ́ta ìṣẹ́jú la ní kí atẹ́gùn tó padà dé."

Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ojú ìjì, àárín rẹ̀ tí kì í ní atẹ́gùn, lò lórí Carrow nígbà ìjì tó jà lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di òfin, bí ẹni pé ìjì náà fọwọ́ sí i.

"Ṣé ṣáláńgá tí bàbá ẹ kàn ṣì dúró ṣá?" màmá bèèrè.

Kò ní kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Errol ti dìde, ó ti mú okùn tó fẹ́ fi so ṣáláńgá náà mọ́lẹ̀.

"Errol, má lọ," Glenys bẹ̀ ẹ́.

"N ò ní pẹ́, olólùfẹ́ mi. Tó bá wó, ibo la ti fẹ́ ṣègbéyàwó?"

"Nínú bọ́ọ̀sì mi! Nínú kòtò! Ibikíbi tó o bá ti wà! Màmá, ẹ bá mi sọ fún un."

Màmá yíjú sí ògiri. Errol fẹnu ko Glenys níwájú orí, ó sì jáde.

Ní ìṣẹ́jú kejìlélógún ni atẹ́gùn dé láti apá kejì. Glenys sáré sí ilẹ̀kùn, màmá sì fọwọ́ méjèèjì gbá a mú níbàdí. "Wàá kú! Ìwọ náà á kú!" Glenys pe orúkọ Errol títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọ̀sán ni wọ́n rí i lábẹ́ igi máńgòrò tó wó, kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ilé. Ó ti so okùn tán, ó ti ń bọ̀. Okùn náà já. Ìjì gbé ṣáláńgá kúrò lórí òkè, ó gbé e kalẹ̀ láàárín oko ìrèké, lóòró, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rántí Errol, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Ní Sátidé tó yẹ kí wọ́n ṣègbéyàwó, ọ̀gá káńsù wá, fìlà lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Àwọn èèyàn ń pè wá láti ibi gbogbo. Wọ́n ní ká dá ṣáláńgá náà padà sórí òkè, ká kọ orúkọ Errol sí i lára. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ kù sí."

Màmá kò tíì jẹun láti Ọjọ́bọ̀. "Èmi ni mo bèèrè ọ̀rọ̀ tó gbé e jáde," ló wí. "Ẹnu mi ò tún gbọ́dọ̀ dá sí i. Ẹ bi ìyàwó rẹ̀."

"Ìyàwó rẹ̀ kẹ̀? Màmá, ṣebí wọn ò tíì..."

"Mo ní kẹ́ ẹ bi í."

Omijé bọ́ lójú Glenys tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fi í síbi tó wà," ló wí. "Tí wọ́n bá ń sun oko ìrèké lọ́dún yìí kí wọ́n tó kórè, kí wọ́n sun ún mọ́ ọn."

Ọ̀gá káńsù yíjú sí màmá, bóyá ó máa sọ nǹkan mìíràn. Màmá na ọwọ́, ó di ọwọ́ Glenys mú.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí ìyàwó ọmọ mi wí," ó ní.