Ìka Tó Ń Kan Irin Bẹ́ẹ̀dì

Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan ni Ọ̀pá kọ́kọ́ rí. Ìyókù ara rẹ̀ wà lẹ́yìn dùùrù àtijọ́ inú gbọ̀ngàn ìjẹun hòtẹ́ẹ̀lì náà, bàtà kan ti bọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúdú fún eruku. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òrùlé ń jò sínú korobá mẹ́ta, gbogbo àga ṣì wà lórí tábìlì. Ọ̀pá ò bìkítà. Ó jókòó sídìí ìlù rẹ̀ márààrún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n kíkankíkan bó ti máa ń ṣe kí àwọn oníbàárà tó dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lùlù," ohùn kan wá láti ẹ̀yìn dùùrù. "Ìlù yín kékeré yẹn ń bá dùùrù jà."

"Ìlù mi kì í bá ẹnikẹ́ni jà, àǹtí. Èmi ni mò ń nà án."

Ọmọbìnrin náà jáde síta, eruku wà lórí imú rẹ̀, irin tó fi ń tún ohùn dùùrù ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ìlù lọ́wọ́ Ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń yí àwọn ìdè ẹ̀gbẹ́ ìlù kékeré náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná ta awọ rẹ̀, ó ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ó lọ tẹ ohùn kan lórí dùùrù.

"Ẹ lù ú báyìí."

Ọ̀pá lù ú. Ohùn ìlù náà wọ inú ohùn dùùrù, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó dé ilé. Ọdún méjìdínlógún ni ọkùnrin yìí ti ń lùlù, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọwọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ọkàn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ta ló kọ́ yín?"

"Bàbá mi," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì ń wá bàtà rẹ̀.

Nítorí pé ó ga tó sì tín-ín-rín ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é ní Ọ̀pá, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé ìyá rẹ̀ pàápàá ń fi pè é. Nǹkan kan wà tó ń bà á lẹ́rù lásìkò náà. Ọ̀gá tuntun tó dé sí ẹgbẹ́ olórin hòtẹ́ẹ̀lì ti sọ ọ́ ní gbangba pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹni tí kò bá lè ka orin nínú ìwé, kó wá iṣẹ́ míì. Ọ̀pá ò lè kà á. Etí lásán ló fi ń lù, bí olórin bá sì yí orin padà lójijì, òun ló máa ń mọ̀ gbẹ̀yìn. Ó bẹ ọmọbìnrin náà pé kó kọ́ òun. Ìdajì ẹ̀bẹ̀ náà jẹ́ ti iṣẹ́. Ìdajì tó kù, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ilé ìwé kan ni ọmọbìnrin náà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pàdé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ tán. Ọ̀pá a ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ sábẹ́ àga kékeré, orókún rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀ ń tẹ dùùrù bí ẹni tó ń kan ìṣó."

"Ìṣó ló gbé ilé ró, Tíṣà mi."

"Ta ni Tíṣà yín? Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà."

Ó kọ́ ọ pé ohùn mẹ́ta tí a tẹ̀ pọ̀ ni kọ́ọ̀dù, pé orin kọ̀ọ̀kan ní ilé tó ti jáde àti ilé tó ń padà sí. "Ṣé ẹ rí i? Kí orin tó wọlé, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin, ẹ máa ń ja ilẹ̀kùn kó tó débẹ̀." Ọ̀pá gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Ó rántí gbogbo olórin tó ti fi ariwo bò mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú sì tì í.

Òun náà kọ́ Tíṣà ní nǹkan kan. Tíṣà ò ní sùúrù fún ìdákẹ́. Bí ìwé bá ní kó dákẹ́ fún kíkà mẹ́ta, kíkà méjì ló ń ṣe. Ọ̀pá a fi ìka méjì kà á fún un lórí tábìlì. "Ìdákẹ́ náà wà lára orin. Má fò ó."

Bí "ẹ" ṣe di "o" láàárín wọn nìyẹn, kò sì sí èyí tó ṣe bí ẹni pé òun gbọ́. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Ọ̀pá ka orin níwájú ọ̀gá rẹ̀ láìṣì í kà. Ó sáré gba inú òjò lọ sí ilé ìwé náà láti sọ fún Tíṣà, ó sì dìrọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, aṣọ àwọn méjèèjì tutù. Ayọ̀ tó bá tètè pé báyìí, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ.

Gbogbo àdúgbò mọ bàbá Tíṣà sí Ọ̀gá Dùùrù. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà mú Ọ̀pá wá kí i, ó wo ọ̀dọ́kùnrin náà látòkè délẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń lùlù, sà."

"Iṣẹ́ ni mo bi ọ́, ariwo lo dá mi lóhùn." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Gbogbo ayé mi ni àwọn onílù fi ń bo ohun tí mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò ní fi ọmọ mi fún wọn kún un. Ìlù kan ò ní dún nínú ilé yìí."

Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún méje ni Tíṣà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá yìí ló sì ń di irun rẹ̀ lọ sílé ìwé, a wọ́ sápá kan, àwọn ọmọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà ò lè ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn bàbá yìí. "Mi ò lè fẹ́ ọ láìjẹ́ pé ó ní bẹ́ẹ̀ ni," ló sọ fún Ọ̀pá lẹ́nu géètì. Ọ̀pá ní òun á dúró.

Kò tíì tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí rọpárọsẹ̀ gbé Ọ̀gá Dùùrù ṣubú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ lọ. Ìka ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ohùn tó fi sọ pé rárá ti lọ, rárá náà sì wà níbẹ̀.

Ọ̀pá ń wá lójoojúmọ́ láti bá wọn gbé bàbá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì onírin tí wọ́n gbé sí yàrá iwájú fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé báyìí, ìka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin bẹ́ẹ̀dì, kan, kan-kan, kan, ojú bàbá a ràn mọ́ ọn. Bí ẹlòmíì bá wọlé, kì í ṣe é. Àbúrò bàbá lóbìnrin, tó ti kó wá tọ́jú rẹ̀, ló sọ ohun tí gbogbo wọn ń rò.

"Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni? Ó ń lé e jáde."

Dókítà sì ti kìlọ̀ pé bínú bá ń bí i báyìí, òmíràn lè gbé e, èyí tí kò ní dìde ńbẹ̀ mọ́. Tíṣà sin Ọ̀pá dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí agbòòrùn lé e lórí.

"Má wá mọ́."

"Tíṣà mi."

"Bó bá kú nítorí tèmi, ojú wo ni mo fẹ́ fi máa wò ọ́?" Ó fi agbòòrùn náà sí i lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Ọ̀pá ń lùlù ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń jẹun, ó ń sùn, inú rẹ̀ sì ṣófo bí ilé tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé kíkàn tí wọ́n fi lé e jáde náà ò kúrò ní etí rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń kàn án lórí tábìlì, lórí fèrèsé, lórí itan rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí Tíṣà ṣe kọ́ ọ, bóyá á lè kúrò lórí rẹ̀.

Ó kọ ọ́ tán, ó sì wò ó. Ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún ni, kíkà mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìwọ̀n keje, ìdákẹ́ wà fún kíkà mẹ́ta. Ó rántí ọjọ́ Ajé, ó rántí ọjọ́rú, ó rántí ọjọ́ tí dókítà wá: ìdákẹ́ náà wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, kò gùn sí i, kò kúrú. Ẹni tí inú ń bí kì í ka ìdákẹ́. Ọ̀pá dìde, ó gbàgbé láti wọ bàtà tó dára.

Àbúrò bàbá dí ẹnu ọ̀nà. "Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tíṣà, mo mọ̀ pé o ní kí n má wá. Bàbá ò lé mi. Orin ni wọ́n ń sọ fún mi, torí èmi nìkan ni mò ń ka ìdákẹ́ nínú ilé yìí. Jẹ́ kí n dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Bínú bá bí wọn, mi ò ní tún padà wá láéláé."

Tíṣà wo ìwé náà. Ó wò ó pẹ́. Ó yà lọ́nà fún un.

Bí ìka bàbá ti ń bẹ̀rẹ̀, Ọ̀pá jókòó sídìí dùùrù, ó sì fi ohùn kan ṣoṣo tẹ ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìka bàbá dúró. Omi bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì, ó ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀, kò sì lè nù ún.

"Bàbá, ṣé orin ni?" ni Tíṣà bi í. Ìka náà kan irin lẹ́ẹ̀kan.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Tíṣà a tẹ kọ́ọ̀dù, bàbá a kan ẹ̀ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì fún rárá. Ọjọ́ mìíràn, ìwọ̀n kan ni wọ́n ń rí ṣe tó fi rẹ̀ ẹ́. Orin tó wúwo ni, kò dẹrùn létí. Níbi tí Tíṣà ti fẹ́ kó padà sílé, Ọ̀pá á ní, "Kò tíì fẹ́ wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ṣì wà," bàbá á sì kan ẹ̀ẹ̀kan. Àbúrò bàbá ń gbé tíì wọlé fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún pé, bàbá ò gbà pé ó tán. Ó gbé ìka rẹ̀ lélẹ̀, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wọ́n rò pé ó ń sinmi ni. Ọ̀pá ló ka ìsinmi náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì rí i pé ìwọ̀n mẹ́rin géérégé ni lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Tíṣà tẹ gbogbo kọ́ọ̀dù tó mọ̀ síbẹ̀. Rárá. Rárá. Rárá. Ìka bàbá gbéra kúrò lórí irin, ó ń gbọ̀n, ó la afẹ́fẹ́ kọjá díẹ̀díẹ̀, ó sì nà sí àpò Ọ̀pá tó wà nílẹ̀, níbi tí igi ìlù méjì ti yọrí jáde.

Tíṣà dìde nídìí dùùrù, ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìlù ni, Bàbá?" Ẹ̀ẹ̀kan.

"Nínú ilé yìí?" Ẹ̀ẹ̀kan.

Tíṣà gbé orí rẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ọ̀pá dì í mú léjìká, òun náà ń sunkún.

Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ ni bàbá kú, láàárọ̀, kí tíì rẹ̀ tó tutù. Tíṣà ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, àbúrò bàbá ló kọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi làkàkà kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn. Má jẹ́ kó sọ ọ́ lásán."

Yàrá iwájú náà ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò, ilẹ̀ ibi tó wà mọ́ ju ìyókù lọ. Akọ̀wé ìjọba fi ìwé rẹ̀ lé orókún, àwọn ènìyàn ò ju méje lọ, ìyá Ọ̀pá wà lára wọn. Aṣọ dúdú ni ìyàwó wọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, ó lọ jókòó sídìí dùùrù, Ọ̀pá sì gbé ìlù kan ṣoṣo wọlé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tíṣà tẹ ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún náà, ó gbé ọwọ́ kúrò, Ọ̀pá sì lu ìwọ̀n mẹ́rin tirẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó pé, ọwọ́ Tíṣà ò padà sórí dùùrù. Ó ń wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Akọ̀wé gbójú sókè. Ọ̀pá ò pè é, kò sì dúró. Ó tún ìwọ̀n mẹ́rin náà lù. Ó tún un lù lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ méjèèjì tó wà lórí itan ìyàwó rẹ̀, ó ń lù ú lọ́nà tí ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fi rí ààyè wọlé nígbàkígbà. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Tíṣà nu ojú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ padà sórí dùùrù, ó sì wọlé.