Ilẹ̀kùn Tí Ó Ń Gbé Èèyàn Mì

Ewúrẹ́ mi ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe èmi. Ó ya wọ oko ẹ̀gẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan, Níyì, lẹ́yìn ilé wa n'Ìkẹ̀rẹ́. Sẹ̀gilọlá, ọmọ-ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé, sáré tọ ewúrẹ́ náà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jáde!"

Níyì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè. "Ewúrẹ́ yìí, ṣé ìyá yín ni?"

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá kì í jókòó. Ó ń rìn kiri bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Lónìí á di ẹrù, lọ́la á tú u. Ẹ̀rù ń ba Níyì pé yóò padà sí Ìlú Ọba. Ó ń ba èmi náà.

Lọ́jọ́ tí ìyá Níyì àtàwọn ẹbí rẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n tètè dé, ẹ̀wà àná sì ti lé mi lọ sí ṣáláńgá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Mo ké, "Mò ń bọ̀ o!" Òkè Olósùnta gbọ́, àna mi ò gbọ́. Ìdí ò jẹ́ kí n dìde!

Sẹ̀gilọlá wà nínú ilé. Ó ti ilẹ̀kùn gbọin, kò dáhùn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá tilẹ̀kùn mọ́ àna lọ́sàn-án gangan ti kọ̀ wọ́n nìyẹn. Ìyá Níyì gbé abọ́ uṣu rẹ̀ padà sórí. "Wọn kì í sọ uṣu mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Níyì, ó tó!"

Níyì ò tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mo fi dé, tí mo di ìró mú lọ́wọ́ kan, ó ti jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Olólùfẹ́ mi, mi ò ní kàn án mọ́. Mo kàn jókòó ni."

Ohùn kan jáde, tín-ín-rín. "Tí Mọ́mì bá ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, kí n má mí. Ọmọ kékeré ni mí nígbà yẹn n'Ìlú Ọba, èmi nìkan nínú ilé. Gbogbo ẹni tó kàn án, mi ò rí wọn mọ́. Mo rò pé ilẹ̀kùn ló ń gbé wọn mì."

"Kò gbé mi mì. Yọjú wò mí."

Ó ṣí i. Ó wo Níyì, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀ láìwọ bàtà, ó bá ìyá Níyì lójú títì, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ẹ má bínú, mà. Ilẹ̀kùn ti ṣí."

Ìyá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Ló bá gbé abọ́ lé e lórí. "Gbé e dáadáa. Ó wúwo."

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí. Ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn wọn; orúkọ ni à ń pè. Èmi á ti ìkóríta ké e: "Sẹ̀gilọlá ooo!" Ilẹ̀kùn á ti ṣí kí n tó dé.

Ewúrẹ́ mi ló sì máa ń kọ́kọ́ wọlé.