Àrán Pupa Lára Ògiri

“Ta ló bá mi rí ìdì àrán pupa mi?”

Láti ṣọ́ọ̀bù ni ohùn ìyá rẹ̀ ti wá. Orí àpótí ni Aláràbarà dúró sí ní pálọ̀, òòlù lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu. Díẹ̀ ló kù kó gbé ìṣó mì. Ó rọra yọ ọ́ lẹ́nu, ó gbójú sókè wo ẹ̀wọ̀n ọ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yí ògiri ká. Ewé tútù ló fi hun ún, ó fi bébà dídán há a láàárín, ó sì so òdòdó pupa rìbìtì-rìbìtì mọ́ ọn láti igun kan dé èkejì. Àwọn òdòdó náà rẹwà, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn ìyẹn. Àrán pupa ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ má baà pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè. Ìkánjú ló ń dà á láàmú. Ọmọ tí kì í lè jókòó jẹun tán ni, tó ń ti ìdí iṣẹ́ kan fò bọ́ sí òmíràn bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọnà ṣe púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Aláràbarà nílé ìwé. Ẹnu rẹ̀ náà mọ fáàrí ṣe, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìsinmi Kérésì, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ròyìn ọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ rà wálé. Aláràbarà yínmú.

“Èyí tí wọ́n lọ rà? Ẹ wá wo tèmi tí Kérésì bá ku ọ̀la. Ẹ máa gbàgbé ọ̀nà ilé yín ni.”

Gbogbo wọn pariwo, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ọjọ́ náà ló pé yìí, wọn ò sì ní pẹ́ dé mọ́.

Láàárọ̀, ó ti bẹ ìyá rẹ̀ fún àgékù aṣọ. Aránṣọ ni ìyá náà, yàrá iwájú ilé ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. “Dúró kí n fúnra mi ṣà á fún ọ,” ni ìyá wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ. “Aṣọ àwọn ọmọdé akọrin ló wà nílẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan lórí tábìlì yẹn o.” Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tán, àsìkò ń lọ, ara ọmọ ò balẹ̀. Nígbà tí ìyá sin oníbàárà kan jáde, tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì lọ ra òwú, Aláràbarà yọ́ wọlé, ó fa ìdì pupa kan yọ lábẹ́ tábìlì. Orí tábìlì ni ìyá dárúkọ, kò dárúkọ abẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó tú ìdì náà, ó rí àmì ṣọ́ọ̀kì funfun lára aṣọ. Ọmọ aránṣọ sì ni. Ó mọ̀ pé wọn kì í sàmì sára àgékù tí wọ́n fẹ́ dà nù; aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀, tí wọn ò tíì rán, ló ń ní ṣọ́ọ̀kì lára. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó dá a padà. Ó dá ọkàn rẹ̀ lóhùn pé, “Bóyá wọ́n ṣì í gé ni,” ó sì mú sísọ́ọ̀sì.

Ìyá wọ pálọ̀ báyìí, ó ń tú tìmùtìmù orí àga, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga. Ọ̀ṣọ́ náà wà lókè orí rẹ̀ gan-an, àmọ́ ilẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ wà.

“Kọ́là ọrùn aṣọ akọrin ni mo gé síbẹ̀,” ó ń sọ ọ́ bí ẹni fẹ́ sunkún. “Ọ̀nà jíjìn ni ọ̀gá wọn ti ra àrán yẹn bọ̀. Kò sí irú ẹ̀ lọ́jà níbí. Aláràbarà, ṣé o ò rí i?”

“Rárá, màámi.”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ìyá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Aláràbarà jókòó, ó dìde, ó lọ mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ ò gbẹ ẹ́, ó tún ewé kan ṣe tí kò wọ́. Ó ní òun á sọ ọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá ti wò ó lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá ti kọjú sí ọmọṣẹ́; Aláràbarà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo oníbàárà ń pe ọmọbìnrin náà nítorí kì í yára, kì í sì í pariwo. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ parí.

“Ìwọ lo gbálẹ̀ láàárọ̀. Àbí o ti kó o mọ́ pàǹtí?”

“Rárá, mà. Mi ò kó o.”

“Ta ló wá kó o? Èmi àti ìwọ nìkan la wà níbí! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá akọrin? Kó ẹrù rẹ, máa lọ sílé rẹ. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Jẹ́jẹ́ ká téèpù rẹ̀, ó fi sínú báàgì.

Ìgbà náà gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ ya wọ pálọ̀. “Háà! Aláràbarà!” Wọ́n ń yí ká, wọ́n ń tọ́ka. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ọwọ́ mú òdòdó kan. “Àrán gidi nìyí! Níbo lo ti rí i?”

Ìyìn tó ti ń retí látọjọ́ yìí dé, kò sì dùn rárá. Láti ojú fèrèsé, ó rí Jẹ́jẹ́ tó ń lọ lójú ọ̀nà, báàgì léjìká. Ojú tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná. Tó bá sọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo kíláàsì ni yóò gbọ́. Tó bá dákẹ́, ẹni ẹlẹ́ni ń lọ nìyẹn.

Ó gun àpótí, ó fa ọ̀ṣọ́ náà já tìṣótìṣó, ó gbá a mọ́ àyà, ó sáré la ṣọ́ọ̀bù kọjá, ewé ń já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Màámi, èmi ni! Èmi ni mo gé e. Àǹtí Jẹ́jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ!”

Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú òdòdó kan, ó rí ṣọ́ọ̀kì tí òun fúnra rẹ̀ fà. Ó jókòó. Kò lù ú, kò sì pariwo.

“Mo wà lábẹ́ rẹ̀,” ni gbogbo ohun tó wí. “Mo bi ọ́ léèrè, o sì wò mí lójú.” Lẹ́yìn náà ló dìde, ó pàdé ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó ti ṣẹ́rí padà lẹ́nu ọ̀nà. “Jẹ́jẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú.”

Àwọn ọ̀rẹ́ yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan nínú wọn kí wọ́n tó dé kọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọ̀gá akọrin dé, ìyá ní Aláràbarà ni kó fẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Ó ròyìn rẹ̀. Ọkùnrin náà wo àjákù àrán náà títí. “Àwọn ọmọ yẹn,” ó ní, “kọ́là yìí ni wọ́n ń sọ lójoojúmọ́.” Ó kó aṣọ akọrin funfun náà lọ bẹ́ẹ̀, láìsí pupa kankan lọ́rùn wọn.

Aláràbarà àti Jẹ́jẹ́ ló jọ gbá ṣọ́ọ̀bù náà.

“Àǹtí, ẹ dárí jì mí.”

“Mo ti gbọ́.” Jẹ́jẹ́ ò dá gbígbálẹ̀ dúró. “Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Mo wọlé wá mumi lọ́sàn-án nígbà tó o ń kan ìṣó, mo sì gbójú sókè.”

“Ẹ rí i? Kí ló dé tí ẹ ò wí?”

“Ìwọ ni mò ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ màmá ẹ ò dùn mí tó bó o ṣe ń wò mí lójú fèrèsé. Mo rọra rìn títí. Tó o bá pẹ́ díẹ̀ sí i, mi ò bá ti lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní bẹ̀ mí kí n padà.”

Omijé tí Aláràbarà ti ń mú mọ́ra wá dà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ogún ọdún yẹn, ẹlòmíràn ló ń ru ẹ̀bi wa kiri. Ìkánjú ba aṣọ jẹ́. Ìdákẹ́ ni ìbá ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ìwọ tó ń kà á, bó o bá ṣàṣìṣe, má dúró de ìgbà tó rọrùn kó o tó sọ ọ́. Ẹnì kan lè ti máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nítorí rẹ.